Pèrègún Tí A Gbìn Sójú Ọ̀nà Ẹran

Òórùn bísíkíìtì ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nígbà náà. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn rélùwéè, láàárín Ògbà sí Agége, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ń yan ti àárọ̀, gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán bí ẹni pé ọdún dé, bẹ́ẹ̀ ebi ló wà nílé gbogbo wa. Ayé Sáàpù ni, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n. Ìjọba ológun ní ká mú un mọ́ra fúngbà díẹ̀. A mú un mọ́ra títí ara fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí mo ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ ti dá wa dúró. Ẹ̀rọ ọ̀hún ń dá sùn nínú eruku, èmi náà ń dá sùn nínú yàrá kan ní Dopemu. Ìwé mọ́dà, tí wọ́n ń kà lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo kà, mi ò sì kà á parí, àmọ́ mo lè ka nọ́ńbà tó wà lára okùn ìwọnlẹ̀, mo sì lè kọ orúkọ ara mi láìṣì í kọ. Ohun tó sọ mí di ẹni tó ń tọ ẹran ìgbẹ́ lẹ́yìn nìyẹn, èmi tí mi ò lè wo ojú òbúkọ onílé mi pẹ́.

Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ló gbà mí síṣẹ́. Dókítà là ń pè é. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́, dókítà ẹran igbó ni. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, ṣùgbọ́n "ẹ" ni mo ń bá a sọ, torí ẹni tó gbani síṣẹ́ láyé Sáàpù, ìyá ẹni ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó ya àwòrán ọ̀nà tí àwọn ẹran ń gbà láti inú igbó kan bọ́ sí òmíràn. Igbó kékeré kan ṣì kù lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn, odi ti há a mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ní òdìkejì rélùwéè, irà ńlá kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó gba ẹ̀yìn Ọmọlẹ̀ lọ títí dé etí odò Ògùn. Láàárín igbó yìí àti irà yẹn, ihò kan ṣoṣo ló wà, ihò àgbàrá tí àwọn tó la rélùwéè fi kọ́ńkéré ṣe sábẹ́ ojú irin láyé ọjọ́un. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á gbà á kọjá. Ibẹ̀ ni òkété ń gbà, ibẹ̀ ni ọ̀yà ń gbà, ibẹ̀ ni ẹtu àti ejò ń gbà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọjà. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ẹran yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà wọn.

Ẹnì kẹta wa ni Bàbá Ọdẹ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mùsùlùmí òdodo, ó ti fi igbó sílẹ̀ tipẹ́, ó ń ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ kan lálaalẹ́. Ìbọn ṣakabùlà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní ẹ̀tù nínú láti ọdún gbọọrọ; ó kàn ń gbé e kọ́ èjìká ni, bí ẹlòmíràn ṣe ń dé fìlà. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó bi Dókítà léèrè:

"Ẹ̀yin Dókítà, kí ni ẹran ń wá lọ sí òdìkejì gan-an? Ṣé koríko tibí korò ni?"

"Ìyàwó ni wọ́n ń wá lọ, Bàbá. Bí wọ́n bá há mọ́ ibí, ọmọ ìyá wọn ni wọ́n á máa gùn. Ìran wọn á máa rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, títí á fi parẹ́."

Bàbá la ẹnu, kò lè pa á dé. "Àsítágifirúlàhì! Ọmọ ìyá ẹni! Ó yá, ẹ jẹ́ ká tètè ya àwòrán yìí kí wọ́n má kó wa sínú ẹ̀ṣẹ̀."

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé ní ìrọ̀lẹ́, a ó da yanrìn sójú ọ̀nà, a ó fi imọ̀ ọ̀pẹ gbá a kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá di àárọ̀, a ó wá ka ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ ẹ́, Dókítà á sì fà á sórí bébà. Lọ́jọ́ kan mo rí ipa fífẹ̀ kan lẹ́nu ihò náà. Mo ní ẹnì kan ti wọ́ àpò sìmẹ́ńtì gba ibẹ̀ lóru. Bàbá Ọdẹ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Òótọ́ lo sọ. Àpò náà ṣì wà nínú ihò, ó ń wò ọ́." Ejò erè ni! Mi ò mọ ìgbà tí mo gun orí ojú irin. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Àmọ́ òun náà kọsẹ̀ o. Ó búra pé ẹtu kan ṣoṣo ló ń gba ibẹ̀. Dókítà kúnlẹ̀, ó fi ìka hàn án pé ẹsẹ̀ kékeré kan wà nínú ẹsẹ̀ ńlá: ìyá àti ọmọ ni. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè tí a fi ń kí ara wa láàárọ̀ ni pé, "Ìyá ọmọ kọjá bí?"

Ohun tó ń lé wa léré ni pé ilé iṣẹ́ kan fẹ́ mọ odi gba ẹ̀gbẹ́ rélùwéè. Bí wọ́n bá mọ ọ́n, ẹnu ihò náà di pátápátá nìyẹn. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìkẹjà ti sọ fún Dókítà pé bí òun bá wá, tí òun rí ọ̀nà ẹran náà tí wọ́n sàmì sí kedere lórí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú àwòrán, òun á pàṣẹ kí odi náà fo ibẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má tún yọ òun lẹ́nu mọ́. A gbẹ́ èèkàn igi, a so aṣọ funfun mọ́ ọn lórí, a gbìn wọ́n lọ rẹrẹẹrẹ. Nígbà tílẹ̀ máa mọ́, àwọn èèyàn ti fi dáná. Kẹrosíìnì ò sí, ta ló máa rí igi gbígbẹ tí kò ní tu ú? A tún gbìn. Wọ́n tún fi se ẹ̀wà. Wọn ò tiẹ̀ fi aṣọ sílẹ̀.

Bàbá Ọdẹ ló wá mú ọgbọ́n wá. "Ẹ jẹ́ ká gbin pèrègún," ó ní. "Ọmọ Yorùbá wo ló máa hú pèrègún? Ààlà ni. Ẹni tó bá hú pèrègún, ẹjọ́ ló hú."

Dókítà pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ ẹ̀ ní pa mí! Kì í jẹrà, kì í kú, wọn ò sì lè fi dáná!"

Èmi náà ní ọgbọ́n ló dé. A gé e lára ọgbà àwọn ilé tó wà nítòsí, a gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà náà, láti inú igbó títí dé ẹnu ihò. Òjò ìparí ọdún rọ̀ sí i, ó sọ, ó yọ ewé, ó tò bí ọmọ iléèwé. Inú wa dùn débi pé a ra ẹ̀pà jẹ sídìí rẹ̀. Àgbàlagbà mẹ́ta, a ò rí ẹnì kan nínú wa tó rántí pé bí èèyàn bá rí ààlà, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, ta ló ni apá ọ̀tún, ta ló sì ni apá òsì?

Ilẹ̀ náà kì í kúkú ṣe ilẹ̀ ẹyọ kan. Ìdílé méjì ló ń du ú, ọmọ baba kan náà, ìyàwó méjì ló bí wọn. Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn kan ní Ìdílé Òkè, kí n pe àwọn yòókù ní Ìdílé Odò. Wọ́n ti wà ní kóòtù láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé. Gbogbo ìgbà tí a fi ń gbá yanrìn kiri, wọ́n rí wa, wọ́n ń fi wá ṣẹ̀sín pé àwọn wèrè tó ń lé eku ni wá, wọn ò sì bi wá ní nǹkan kan. Àmọ́ nígbà tí Ìdílé Òkè rí pèrègún tó ti yọ ewé, wọ́n ní àwọn ará Odò ti gba ẹ̀yìn wá pààlà. Ìdílé Odò náà rí i, wọ́n ní àwọn ará Òkè ni. Kò sí ẹni tó bi ẹnì kejì léèrè. Ọmọkùnrin tí kò níṣẹ́ sì pọ̀ lọ jàra ní Agége lọ́dún yẹn, àwọn tí ilé iṣẹ́ lé pẹ̀lú mi. Àwọn kan bá Òkè lọ, àwọn kan bá Odò lọ. Àwọn tí a jọ ń jẹ ẹ̀bà ní káńtíìnì.

Ọ̀sán ọjọ́ ọ̀yẹ́ kan ni. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nítòsí ihò náà, à ń wọn ilẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn torí ọ̀gá láti Ìkẹjà máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo gbọ́ "ṣá, ṣá, ṣá". Wọ́n ń gé pèrègún bọ̀. Olórí ẹbí Òkè fúnra rẹ̀ ló síwájú pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀, àwọn géńdé lẹ́yìn rẹ̀, àdá lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì pupa ló ń ké jù.

"Ta ló gbin èyí?" ni olórí ẹbí béèrè.

Dókítà kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàsán, Bàbá. Àwa la gbìn ín. Kì í ṣe ààlà ilẹ̀, sà. Ọ̀nà ẹran ni."

"Ọ̀nà kí ni?"

"Ẹran, sà. Ọ̀yà, òkété, ẹtu…"

Onísíńgílẹ́ẹ̀tì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí! Ẹran ti gba lọ́yà! Màdámù, ọ̀yà tó rán yín wá yẹn, ṣé ó tẹ̀ka ni àbí ó sáìnì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo rò pé ó máa tán síbẹ̀. Àṣé àwọn ará Odò ti gba ẹ̀yìn odi dé. Ẹni tó ṣíwájú wọn na ìka: "Ẹ wò wọ́n! A mú wọn lónìí! Tàwọn ti lọ́yà tí wọ́n gbà!" Dókítà yìí kan náà, Òkè ní lọ́yà Odò ni, Odò ní lọ́yà Òkè ni. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹnu wọn kò láti ogún ọdún nìyẹn.

Mi ò rí ẹni tó kọ́kọ́ ṣá èèyàn. Ohun tí mo rí ni ọwọ́ kan nílẹ̀ tó ṣì di kùmọ̀ mú, ẹni tó ni ín sì ń wo ilẹ̀ kiri bí ẹni tí bàtà rẹ̀ sọnù. Ariwo sọ. Òkúta, àdá, ìgò, irin tí wọ́n tú lára ẹ̀rọ àtijọ́. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa, tó máa ń kọrin níbi iṣẹ́ wa, ń fi òkúta lu orí ẹnì kan tí mo mọ̀ dáadáa. Géńdé kan fún mi lọ́rùn. "Ta ló rán yín? Sọ ọ́! Ta ni?" Mo fẹ́ dáhùn, Ọlọ́run jẹ́rìí, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni oríkì ìdílé ìyá mi. Mo ń kì í lọ, ó ń gbá mi létí lọ. Mo dé orí baba ìyá mi àgbà kí ẹnì kan tó fi pákó gbá òun náà lẹ́yìn, ó sì fi mí sílẹ̀.

Wọ́n ti gbá Dókítà ṣubú, wọ́n ń fa báàgì tí àwòrán wà nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni Bàbá Ọdẹ bọ́ sáàárín, ó na ìbọn. "Ẹ dúró! Wàláhì, màá yìn ín!" Ẹ wò ó, gbogbo wọn dúró. Èèmí kan péré ni, àmọ́ wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n onísíńgílẹ́ẹ̀tì ti bá a ṣọ́ géètì rí. "Ẹ má dá a lóhùn! Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀! Ọ̀pá ló fi ń ṣe!" Ó sì gbé àdá, ó sọ ọ́ lé Bàbá ní èjìká, ó tún fà á jáde, ó tún sọ ọ́.

Ẹnì kan ti ṣáná sí koríko. Nínú ọ̀yẹ́, koríko kì í jó, fífò ló ń fò. Dókítà di Bàbá mú lápá, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, a wọ́ ọ wọ inú ihò àgbàrá náà. Ẹ má pè é ní akin o. Bàbá ló ṣubú dí ẹnu ihò, bí mi ò bá sì gbé e, ibo ni n bá gbà wọlé?

A dùbúlẹ̀ sínú omi àgbàrá. Èéfín ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Dókítà ti bọ́ gèlè, ó fi di ojú ọgbẹ́ Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Òkété kan kọ́kọ́ sáré gba ẹ̀yìn mi kọjá, èkejì, ìkẹta. Àwọn ọ̀yà ń bọ̀ bí òkúta tó ń yí. Erè náà wọ́ kọjá lára ẹsẹ̀ mi, ó tutù, kò tiẹ̀ wò mí. Mo tọ̀ sára. Títí dòní, mi ò tíì sọ ìyẹn fún ìyàwó mi. Bàbá gbé orí lé itan Dókítà, ó ń dárúkọ wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń kí àlejò. Ó wá ní, "Ìyá ọmọ rèé. Ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yàgò fún wọn."

"Mo rí wọn, Bàbá," ni Dókítà ń wí, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n mọ̀ ọ́n! Gbogbo wọn ló mọ ọ̀nà náà!"

A gbọ́ ariwo lẹ́nu kejì ihò náà. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ti dé. Àwọn ará àdúgbò ló rí èéfín tí wọ́n wá wòran, àwọn ṣọ́jà sì dé torí ìjà. Ọ̀yà tó kọ́kọ́ yọrí, ẹnì kan fi ọmọ odó gbá a. "Ẹran ń jáde o! Ẹ gbé báàfù wá!" Láyé tí ẹran di ohun tí à ń fojú inú jẹ! Gbogbo èyí tó bọ́ lọ́wọ́ iná ló bọ́ sọ́wọ́ wọn. Láti inú ihò là ń gbọ́ igi lórí egungun. Ìbọn dún, ìyá ẹtu ṣubú lójú mi, nínú ìmọ́lẹ̀ tó mọ roboto lẹ́nu ihò. Ọmọ rẹ̀ yí padà, ó sáré tọ̀ wá wá, ó bá èéfín pàdé, ó dúró láàárín wa, ó ń gbọ̀n. Dókítà na ọwọ́ sí i. Ó tún yí padà, ó jáde lọ bá wọn.

"Ẹ má pa á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á!" Ihò náà sọ ohùn Dókítà di púpọ̀, àmọ́ ta ló ń gbọ́?

Èmi ni mo kọ́kọ́ yọ. Ṣọ́jà kan ti na ìbọn. Mo na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mo fi igbe ta: "Èèyàn ni mí o! Èmi kì í ṣe ọ̀yà! Ẹ wo ìka mi!"

Ó wo ẹnì kejì rẹ̀. "Eléyìí ga ju ọ̀yà lọ lóòótọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní jàǹdùkú ni wá, pé ká máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Dókítà ní òun ò fò, pé àgbàlagbà ń kú lọ nínú ihò. Ìgbájú tí wọ́n gbá a gbé e ṣubú. Ó dìde, ó tún ní òun ò fò, títí wọ́n fi jẹ́ ká gbé Bàbá jáde. Èmi ti fò ní tèmi. Mo fò dáadáa, mo tiẹ̀ fi èènì sí i.

Ọkọ̀ tó ń kó pákó ló gbé wa. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, Bàbá la ojú. "Ọmọ yẹn ńkọ́?"

Mo ti rí ọmọ náà nínú báàfù obìnrin kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síta. Dókítà náà rí i. Ó ní, "Ó ti kọjá, Bàbá. Ó ti wọ irà lọ."

"Alihamudulilahi," ni Bàbá wí. Inú ọkọ̀ yẹn ló kú sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n bá a tí a ti sin ín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀ ti wí.

Ìjọba gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìdílé méjèèjì. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìròyìn wọn pé inú ihò abẹ́ rélùwéè ni àwọn jàǹdùkú gbà sá lọ, wọ́n sì pàṣẹ kí wọ́n da kọ́ńkéré sí i. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ mọ odi ò tiẹ̀ tíì gbé búlọ́ọ̀kù kan. Dókítà, tí ojú rẹ̀ ṣì wú, mú mi dání lọ sí ọ́fíìsì ní Ìkẹjà, ó tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì. Ọ̀gá náà wò ó dáadáa. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ó ní, "Màdámù, iṣẹ́ yín dára. Ṣùgbọ́n ẹran wo ló kù tó máa gbà á?" Kò pẹ́ sígbà náà tí Dókítà bá àwọn olùkọ́ tó ń sá kúrò nílùú lọ. Kò bá mi wí rí nípa ọjọ́ yẹn.

Mo ti di bàbá báyìí, Dopemu yìí náà ni mo wà. Lásìkò òjò tó kọjá, awọ́nríwọ́n kan, aláǹgbá ńlá tó ń gbé inú irà, já wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ládùúgbò wa. Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti fi irin fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìrù rẹ̀ ṣì ń jù. Télọ̀ ń ké pé àwọn ará ilé bàbá òun ló rán an, àwọn ọ̀dọ́ ń lù ú, wọ́n ń lọgun "Padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán ọ!" Mo béèrè pé, "Níbo ló dorí kọ kó tó wọlé?"

Télọ̀ wò mí látòkè délẹ̀. "Bàbá, ta ló ń bi irú ìyẹn? Ẹni tó rán an ló mọ ibi tó ń lọ."

Gbogbo wọn yí ojú sí mi. Irin ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀jẹ̀ sì wà lórí irin. Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo lè fi ìka tọ́ka sí i, ojú ibi tó ti ń bọ̀ àti ojú ibi tí ì bá gbà. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó kàn ń wá irú ẹ̀ ni, bí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n mo wo irin yẹn, mo wo ojú wọn, mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè ní mo mọ ọ̀nà awọ́nríwọ́n, èmi ló kàn. Mo kí wọn kú ewu, mo bá wọn ṣe àmín sí àdúrà tí wọ́n gbà, mo sì rọra ń lọ sílé.